Iná Orí Bẹ́ẹ̀dì fún Ìyàwó Oyèníran

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àrínọlá kò gbàgbé. Ní àárọ̀ Sátidé tí Ìyá Oyèníran gbé gèlè gàgàrà wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Hilda ní Yábàá, tí ó ní òun fẹ́ ra iná orí bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́ gbé, Àrínọlá ló wà lẹ́yìn káńtà. Ó di etí káńtà mú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀."

Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Kí èèyàn ba ayé ẹni jẹ́, kó má tilẹ̀ dá ẹni mọ̀ bó bá pàdé ẹni! Àrínọlá ní tirẹ̀ mọ Ìyá Oyèníran dáadáa. Ó ti rí fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ Oyèníran. Ó sì ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́ẹ̀kan rí, tí ó ń wo gèlè obìnrin náà láti òkèèrè, tí ó ń pè é ní ìyá ọkọ mi nínú ọkàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí Hilda, àbúrò ìyá Àrínọlá, ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Iná ni wọ́n ń tà níbẹ̀, iná àjà, iná ògiri, iná orí tábìlì, àti gílóòbù lóríṣiríṣi. Àǹtí Hilda ní àṣà kan tí àwọn ará àdúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ta iná ìkàwé fún ẹni tí kò bá tíì fi í kàwé. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin kan sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé kí ibẹ̀ lè ṣú dáadáa, ó sì gbé Bíbélì àtijọ́ kan tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí èèrùn sórí ìrọ̀rí. Oníbàárà á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀, wọn á tan iná sí i lórí, á sì kàwé sókè. Bó bá ń ṣẹ́ ojú, wọn á gbé òmíràn. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n á ní ṣé ọsibítù làwọn wá ni.

"Iná tó kàn rẹwà dà bí ọkọ tó kàn rẹwà," Àǹtí Hilda á wí. "Gbogbo ayé ló ń wò ó ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì."

Orí bẹ́ẹ̀dì onírin yẹn ni Oyèníran nà sí lọ́jọ́ tí òun àti Àrínọlá kọ́kọ́ pàdé. Akọ̀wé ìjọba ni, ó ń gbé Sùúrùlérè pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì ń kàwé ìdánwò ìṣirò owó bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́. Iná kékeré aláwọ̀ pupa kan ló wù ú. Àrínọlá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ìlà kan péré fún mi." Ó kà á, ó pe Mósè ní Mọ́sálásí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Àǹtí Hilda fi yọjú wò wọ́n. Ó ra èyí tó mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá, ó ní gílóòbù rẹ̀ ti jó. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún ní òmíràn jó.

"Ṣé o ń jẹ gílóòbù ni?" Àǹtí Hilda bi í.

Kí ọdún tó yí po, kò purọ́ gílóòbù mọ́. Ó ń wá gbangba, ó ń mú bísíkíìtì dání, ó ń pe Àrínọlá ní ìyàwó mi. Àrínọlá gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó ti ń gbé orúkọ wọn yẹ̀ wò lẹ́nu bó bá ń tún gílóòbù tò: Ìyáàfin Ògúntádé, Ìyáàfin Ògúntádé.

Nígbà tó tó àkókò, Ìyá Oyèníran rán alárinà pé kó lọ wádìí ìdílé ọmọ náà wá. Kò sí aburú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé wárápá tàbí wèrè wọlé. Àrìnpé ni alárinà náà ń jẹ́, obìnrin tó máa ń fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé onílé kó tó kan ìlẹ̀kùn. Àrìnpé yìí kò dé ilé àwọn Àrínọlá, kò bi aládùúgbò kankan léèrè. Ó ṣe bí oníbàárà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ká kọ́tìnnì yàrá ẹ̀yìn wò. Ohun tó rí ni Àrínọlá tó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán gangan, tí iná tó mọ́lẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ń ràn sí i lórí. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé Bíbélì sún mọ́ ojú. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọmọ ọlọ́mọ ń dán wò. Alárinà kò béèrè. Lójú tirẹ̀, ibùsùn ọmọ náà nìyẹn, bó sì ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Ó sáré padà sí Sùúrùlérè, kò sì sọ pé ṣọ́ọ̀bù iná ni òun ti rí i.

"Ẹni tí oòrùn ọ̀sán ò tó láti fi ríran!" ni iṣẹ́ tó jẹ́. "Ìdílé afọ́jú ni. Iná tó tàn sórí, wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà."

Ìyá Oyèníran kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá kóun rí i. Ó ní wọn ò ní bí afọ́jú sínú ilé òun.

Oyèníran ló wá jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Màmá ò gbà."

"Kí ni ìwọ sọ?"

"Àrínọlá, ìyá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni. Mo ní kí ni ìwọ sọ fún wọn?"

 Ó ní kó má bínú, ó sì lọ. Àrínọlá kò sunkún níṣojú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán ni ó wọ yàrá ẹ̀yìn, tí ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìdánwò, tí ó sì búra pé bó pẹ́ bó yá, òun á san án fún ìyá àti ọmọ. Ó fi Oyèníran sí i, ṣùgbọ́n ìyá gan-an ni inú ń bí i sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Oyèníran fẹ́ràn òun, pé kò kàn lẹ́nu níwájú ìyá rẹ̀ ni.

"Fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run," Àǹtí Hilda wí.

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ti pọ̀ jù, Àǹtí. Màá bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀."

Ọdún méjì kọjá. Owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra fíríìjì, ń ra rédíò, Àǹtí Hilda ń ta iná bí ẹní ta búrẹ́dì. Ìgbà náà ni Ìyá Oyèníran gbé gèlè rẹ̀ wọlé, tí ọmọbìnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lucy ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kọngílá ní Ìpọ̀nrí àti àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nítorí pé ọmọ ìjọ ni, ojú wọn ni wọ́n sì ṣe ṣèrìbọmi fún un, wọn kò rán alárinà kankan lọ wádìí ilé wọn. Ìyá Oyèníran fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe ń wo iná kiri.

"Ọmọ wa ni. Kí la tún fẹ́ wádìí?"

Àrínọlá gbọ́, ó gbé e mì. Ìyá Oyèníran mú iná kan tó ní ìbòrí oníléèsì aláwọ̀ òdòdó, tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù inú rẹ̀ kò ju ti fìtílà lọ. "Èyí mà wuyì o! Ọmọ mi máa ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó náà sì mọ̀wé. Ṣé yóò mọ́lẹ̀ tó?"

Jẹ́ kó gbé e lọ, ni ọkàn Àrínọlá wí. Jẹ́ kí wọ́n máa táràrà nínú òkùnkùn. Ó ti la ẹnu láti yìn ín nígbà tí Àǹtí Hilda wúkọ́ láti ìdí káńtà. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni òfin ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi Ìyá Oyèníran sórí àga pẹ̀lú mínírà tútù, Àrínọlá sì mú Lucy wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Lucy bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀. Àrínọlá tan iná oníléèsì náà sí i lórí, ó ṣí Bíbélì sí ibi tó bá bọ́ sí, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà nà án jìnnà sí ojú bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ohùn rẹ̀ dùn. Sáàmù ni, èyí tí gbogbo ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù mọ̀ lórí. Àrínọlá wo ojú ìwé tó ṣí. Orúkọ àwọn baba ńlá ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ta ló bí ta, ta ló bí ta. Ó gbé iná tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ wá, ó ṣí ìwé síbòmíràn. Lucy ń bá sáàmù rẹ̀ lọ láìdúró.

"Ẹ gbọ́ ohùn!" Ìyá Oyèníran kígbe láti ìta. "Ìyàwó mi mọ̀wé, àbí kò mọ̀ ọ́n?"

Lucy rí i pé ọmọ oníná ń wo òun. Ohùn rẹ̀ já. Ó di ọrùn ọwọ́ Àrínọlá mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má sọ fún wọn."

Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n Àrínọlá. Gbólóhùn kan péré: Màmá, ìyàwó yín kò rí lẹ́tà. Igbéyàwó á tú ká kí mínírà tó tán nínú ìgò. Bóyá Oyèníran tilẹ̀ lè padà wá. Ó rò ó. Ó rò ó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká kọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bóun bá sọ ọ́, oore lòun ṣe fún ìyá yẹn. Òun gbà á sílẹ̀ nìyẹn, wọn á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ń fi ìgbéraga rìn lọ sínú kòtò, ta ló ní kí wọ́n tanná fún un? Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó kọ̀ wọlé. Jẹ́ kó náwó sí i, kó jó sí i. Nígbà tó bá wá mọ̀, yóò dojú ìjà kọ ọmọ yìí, Oyèníran yóò sì dúró láàárín wọn láìlẹ́nu, bó ṣe dúró lọ́jọ́sí. Ilé wọn kò ní tòrò mọ́. Ẹ̀san tó péye nìyẹn.

Ó ká kọ́tìnnì. "Ó kà á mà. Kò ṣì í rárá. Ṣùgbọ́n iná yẹn kò mọ́lẹ̀ tó, á ba ojú ọkọ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ, kan ní ọ̀tún, kan ní òsì."

Inú Ìyá Oyèníran dùn. Ó fọwọ́ kan Àrínọlá léjìká. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Gíláàsì yìí sì yẹ ọ́, o jọ tíṣà. Ṣé o ti lọ́kọ?"

"Rárá mà."

"Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ gidi, tí ìyá rẹ̀ máa fẹ́ràn rẹ bí ọmọ."

"Àmín, mà," Àrínọlá wí. Àmín náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Lucy nìkan padà wá. Ó kúnlẹ̀ fún Àrínọlá bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Láti ilé ìwé ni mi ò ti rí lẹ́tà àfi bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú. Mo bẹ Dádì kí wọ́n ra gíláàsì fún mi, wọ́n ní kí n dúró dìgbà tí mo bá délé ọkọ."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà tí Màmá Oyèníran kọ̀ nítorí ojú. Dádì ní kí tèmi má lọ rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ni ọmọbìnrin náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí."

Àrínọlá yí ojú sí ibi gílóòbù. Fún ìṣẹ́jú kan, ó wù ú kó sọ fún ọmọ yìí pé kó sá, pé kó má wọ ilé yẹn. Lucy kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi san gbèsè tí kò jẹ. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àti bàtà tí Oyèníran ń wò, ọkàn rẹ̀ tún le.

"Gbọ́," ó wí. "Mú un mọ́ra títí wọ́n á fi so yín pọ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí Ìdí-Àràbà, kí dókítà wo ojú ẹ. Sọ́ńdè ìkórè ni kó o kọ́kọ́ wọ gíláàsì náà jáde, nígbà tí gbogbo ìjọ bá pé. Níṣojú èèyàn, Màmá ò ní lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

"Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín."

Àǹtí Hilda gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí Lucy fi lọ. "Àrínọlá, mi ò kọ́ ọ báyìí," ni ohun tó sọ, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbéyàwó, Oyèníran wá. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti dá irùngbọ̀n sí. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

"Mo ṣì ń rò ọ́, Àrínọlá."

Àrínọlá korò ojú sí i. "Ṣé o ti sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá ẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "O ò mọ bí wọ́n ṣe rí. Èèyàn ò lè bá wọn jiyàn."

"Nígbà náà, lọ gbé ìyàwó tí wọ́n yàn fún ẹ. Wọ́n ti ra iná fún yín, ó mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ó lọ. Kàkà kí Àrínọlá sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó pa mọ́ yìí ni òun gbójú lé, kó má sì ṣí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Àrínọlá kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí retí ìkórè.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì dúró lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ìsìn parí. Ìyá Oyèníran jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, Àrìnpé alárinà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọn kò tíì rí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn. Ìgbà náà ni Lucy yọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèníran. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì ti Àrínọlá.

Ìyá Oyèníran dúró gbagidi. "Lucy, kí nìyẹn lójú ẹ?"

"Gíláàsì ni, mà."

"Bọ́ ọ kíá. Àwọn èèyàn ń wò."

"Màmá, bí mo bá bọ́ ọ, mi ò ní rí yín."

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wo ara wọn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Ìyá Oyèníran yíjú sí Àrìnpé, ṣùgbọ́n Àrìnpé ti fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín èrò. "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!" obìnrin náà kígbe. "Ìwọ ọmọ yìí, ilé yín ti tà mí ní afọ́jú!"

Àrínọlá bọ́ síwájú.

"Ẹ kú ìkórè mà."

"Háà, ọmọ oníná..."

"Orúkọ mi ni Àrínọlá. Èmi lẹ ní ẹ ò fẹ́ kí n bí afọ́jú sínú ilé yín. Ẹ ò wo ojú mi rí, ẹ kọ̀ mí. Ojú tèmi yìí, ọ̀nà jíjìn nìkan ni kì í rí. Ti ìyàwó yín, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ mú un wá. Ọwọ́ ara yín lẹ fi gbé e wọlé, mà. Mo kàn bá yín tan iná sí i lórí ni."

Ìyá Oyèníran fa ìborùn rẹ̀ bo ojú.  Adùn kan gba ara Àrínọlá kọjá, irú èyí tí kò ní rí. Ó wá yíjú sí Oyèníran, kó lè rí i bó ṣe ń wo bàtà rẹ̀, kí adùn náà lè pé.

Oyèníran kò wo ilẹ̀. Kò wo Àrínọlá náà. Ó bọ́ sí àárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, ó tó."

"Oyèníran! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ má pè é ní afọ́jú mọ́. Alẹ́ tó kọ́kọ́ kàwé lábẹ́ iná tí ẹ rà fún wa ni mo ti rí i. Iná yẹn kò fi nǹkan kan pa mọ́. Èmi ni mo mú un lọ sí Ìdí-Àràbà, èmi náà ni mo yan gíláàsì fún un. Ìyàwó mi ni. Bó bá tilẹ̀ wá ọjọ́ tí kò ríran rárá, èmi ni màá máa fà á lọ́wọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a máa kó jáde lọ́la."

Lucy ń wo Àrínọlá láti ẹ̀yìn èjìká ọkọ rẹ̀. Ó ti yé e báyìí. "Àǹtí," ó wí, "ṣé ẹ̀yin ni ọmọbìnrin yẹn?" Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, àánú ni. 

Oyèníran mú ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ síbi mọ́tò. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún sínú ìborùn, gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ń wò ó. Ohun tí Àrínọlá tọrọ fún odindi ọdún méjì ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ìyá tí ojú tì ní gbangba, tí ẹ̀san dé bá. Kò rí i wò. Mọ́tò tó ń lọ ni ó ń wò. Ọdún méjì ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn òun, pé kò kàn lẹ́nu níwájú ìyá rẹ̀ ni. Àṣé Oyèníran lẹ́nu. Kò kàn lò ó fún òun ni.